Owó Tẹ́ Ẹ Fi Kó Ẹrù: Ìjọba Àpapọ̀ Kọ̀ ọ́, Ìpínlẹ̀ Yín Lè Gbà á

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará wa sọ ní Sacramento lóṣù kẹta ọdún 2025 nìyí. Àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí náà mo kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, mo kàn fi nǹkan kan kún un láàárín.

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àtàbúrò mi. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Mo mọ̀ pé Sátidé ni, mo sì mọ̀ pé àwọn kan lára yín ti iṣẹ́ òru bọ́ síbí tí wọn ò tíì fojú kan oorun, torí náà mi ò ní máa yí po, ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni mo máa gbà lọ.

Tẹ́ ẹ bá kó wá sí California tàbí New York torí iṣẹ́, yálà láti ìpínlẹ̀ míì ni o tàbí láti Nàìjíríà, owó tẹ́ ẹ ná láti kó ẹrù yín àti láti gbé ara yín débẹ̀, ẹ lè yọ ọ́ kúrò nínú owó tí ìpínlẹ̀ máa gba owó orí lé lórí. Ìjọba àpapọ̀ ti tilẹ̀kùn tiẹ̀. Ìpínlẹ̀ méjèèjì yìí ò tilẹ̀kùn tiwọn (ti California tí mo ń sọ, ọdún 2018 dé 2024 ni). Ọ̀tọ̀ ni IRS, àwọn tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, ọ̀tọ̀ ni ìpínlẹ̀, àmọ́ ẹnu ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ láàárín wa débi pé téèyàn bá béèrè, ohun tí wọ́n máa sọ fún un ni pé "wọ́n ti pa ìyẹn rẹ́", ó tán, onítọ̀hún á palẹ̀ rìsíìtì ẹ̀ mọ́, á gbàgbé.

Èmi náà gbàgbé. Ọdún 2019 la kó láti Houston wá síbí, èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ méjì. Mo ti ríṣẹ́ kí n tó kúrò, lẹ́tà wà lọ́wọ́ mi, ọjọ́ tí mo máa bẹ̀rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Mo háyà ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan, èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 26, èmi ni mo wà á, ìyàwó mi ń wa mọ́tò wa bọ̀ lẹ́yìn, a sùn ní Fort Stockton, a sùn ní Tucson, a sùn ní Bakersfield, ọmọ kékeré ń bì, àgbà ń béèrè ní gbogbo wákàtí pé ṣé a ti dé. Ó tó máìlì 1,930. Ìyàwó mi kì í da bébà nù, ó ní àpótí bàtà kan tó ń kó gbogbo rìsíìtì sí, ti ọkọ̀ wà níbẹ̀, ti epo wà níbẹ̀, ti hòtẹ́ẹ̀lì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti páálí àti téèpù, ti ibi tá a kó ẹrù sí fún ọjọ́ 24 kí ilé tó jáde.

Nígbà tó dìgbà owó orí, mo gbé àpótí náà lọ bá ọkùnrin kan tó máa ń báni ṣe é. Kò tiẹ̀ ṣí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti 2018 ni wọ́n ti pa ìyẹn rẹ́, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Mi ò bá a jà, mo gbà pé ó mọ̀ jù mí lọ, mo gbé àpótí mi padà sílé. Ọ̀rọ̀ tó sọ, òótọ́ ni lápá kan. Ìdajì òótọ́ yẹn ló ná mi lówó.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo jókòó ka ìwé àlàyé Franchise Tax Board fúnra mi, àwọn la máa ń pè ní FTB, àwọn ló ń gba owó orí fún California. Mo rí fọ́ọ̀mù kan níbẹ̀, FTB 3913, ti owó kíkó ẹrù ni, kò sí nǹkan míì nínú ẹ̀. Mo lọ gbé àpótí bàtà. Ọkọ̀ $2,850, epo ọkọ̀ $610, hòtẹ́ẹ̀lì $310, ibi tá a kó ẹrù sí $190, páálí àti téèpù $146. Mọ́tò tí ìyàwó mi wà, máìlì ni wọ́n fi ń ṣírò ìyẹn, sẹ́ǹtì 20 ni lórí máìlì kan lọ́dún 2019, ó jẹ́ $386. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ $4,492. Ìpele tá a wà nínú owó orí California lọ́dún yẹn, 8% ni. Mo tún fáìlì, wọ́n sì dá $359 padà fún wa, èlé díẹ̀ tún wà lórí ẹ̀. Owó tó kéré ni lójú ẹlòmíì, àmọ́ owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì ni nínú ilé wa nígbà yẹn, ìyàwó mi sì ni mo gbé e fún torí òun ló ni àpótí.

Ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ ọ́ káàkiri. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe di báyìí.

Ọdún 1964 ni ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ gbà kí òṣìṣẹ́ tó kó lọ síbòmíì torí iṣẹ́ máa yọ owó tó ná. Lọ́dún 1993 wọ́n gé e kù, wọ́n ní oúnjẹ ojú ọ̀nà ò sí níbẹ̀ mọ́, ìrìn àjò téèyàn fi lọ wá ilé tó máa gbé náà ò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n sì gbé máìlì tó yẹ kéèyàn kó jìnnà tó láti 35 sí 50. Lẹ́yìn náà ni Ààrẹ Trump fọwọ́ sí òfin kan ní 22 December 2017, Tax Cuts and Jobs Act, òun ló wá ní láti 2018 títí di ìparí 2025, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ mọ́ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ àfi sójà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n pàṣẹ fún pé kó kó lọ sí ibi iṣẹ́ tuntun. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ nínú Army tàbí Navy, ẹ gbọ́ o, tiwọn ṣì wà, Form 3903 ni wọ́n ń lò, ìdánwò máìlì àti ti ọ̀sẹ̀ tí mo máa sọ ò sì kàn wọ́n.) Òfin yẹn tún fi nǹkan kan kún un tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ bá bá ẹ san owó ìkẹ́rù, IRS á kà á sí owó oṣù ẹ.

Ohun tí mo fi kún un nígbà tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí: ní 4 July 2025 wọ́n ṣòfin míì tó sọ ìdádúró yẹn di títí láé, sójà ṣì wà nínú àwọn tí kò kàn, wọ́n sì fi àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kún wọn láti 2026. California náà yí òfin ẹ̀ padà lóṣù October 2025, torí náà ohun tí mo sọ nípa California níbí, ti ọdún 2018 dé 2024 ni, ẹni tó bá fẹ́ fáìlì ti 2025 lọ síwájú, ìwé àlàyé ọdún yẹn gan-an ni kó ṣí.

Ó dáa. Kí ló wá fà á tí ìpínlẹ̀ fi yàtọ̀? Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, orí ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn, àmọ́ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń yan òfin èwo táwọn máa tẹ̀ lé, ti ọdún wo. Títí dé ọdún 2024, California sọ pé ìwé owó orí ìjọba àpapọ̀ bó ṣe wà ní 1 January 2015 lòun ń lò, ní 2015 sì rèé, owó ìkẹ́rù ṣì wà níbẹ̀ digbí, òfin tí wọ́n ṣe ní 2017 ò kàn án. New York ní tiẹ̀, wọ́n jókòó ní 2018, wọ́n dìídì ṣòfin pé àwọn ò bá ìjọba àpapọ̀ lọ lórí èyí. Arkansas ní fọ́ọ̀mù tiẹ̀, AR3903. Hawaii ní N-139. Pennsylvania gba ọ̀nà ọ̀tọ̀, ó kà á mọ́ ìnáwó òṣìṣẹ́ lórí Schedule UE, máìlì 35 àtijọ́ yẹn ló sì ṣì ń lò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Atlanta tàbí Chicago, Georgia àti Illinois tẹ̀ lé ìjọba àpapọ̀, kò sí níbẹ̀. Texas àti Florida ò gba owó orí lórí owó oṣù rárá, kò sóhun tẹ́ ẹ máa yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ kó LỌ ló ṣe pàtàkì. Mo gbé ohùn sókè níbẹ̀ torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣì í. Houston ni mo ti kó, Texas ò gba nǹkan kan, àmọ́ California ni mo kó wá, California ló ń gba owó orí lórí iṣẹ́ tuntun mi, òun ni mo bá ṣírò. Tẹ́ ẹ bá kó kúrò ní California lọ sí Dallas, owó iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe ní Dallas kì í ṣe ti California, nítorí náà California ò ní gbà kẹ́ ẹ yọ ọ́ lára tiẹ̀, àfi ní àwọn ibi díẹ̀ kan.

Ìdánwò méjì ló wà. Èkíní, máìlì.

Kì í ṣe ọ̀nà tó wà láàárín ilé àtijọ́ àti ilé tuntun ni wọ́n ń wọ̀n o. Ilé àtijọ́ sí ibi iṣẹ́ tuntun ni wọ́n ń wọ̀n, ẹ ó wá yọ ilé àtijọ́ sí ibi iṣẹ́ àtijọ́ kúrò nínú ẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ tó máìlì 50. Ẹ jẹ́ ká sọ pé Stockton lẹ ń gbé, ibi iṣẹ́ yín jẹ́ máìlì 6 sílé, ẹ wá ríṣẹ́ sí San Jose, láti ilé yín dé ibẹ̀ jẹ́ máìlì 78. Yọ 6 kúrò nínú 78, ó ku 72, ẹ ti wọlé. Ẹlòmíì ń gbé Sacramento níbí, ibi iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ máìlì 10, ó ríṣẹ́ sí Stockton, máìlì 48 ni láti ilé ẹ̀. Ó ku 38. Kò wọlé, bó tiẹ̀ kó gbogbo ẹrù ayé ẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹni tó kó láti Yonkers lọ sí Manhattan, kó má wulẹ̀ ka fọ́ọ̀mù yẹn. Ẹni tí ò níṣẹ́ tẹ́lẹ̀, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì tó ń lọ síbi iṣẹ́ àkọ́kọ́, ilé tó ti ń bọ̀ sí ibi iṣẹ́ tuntun náà nìkan la máa wọ̀n, ó gbọ́dọ̀ tó 50.

Ìkejì, ọ̀sẹ̀. Láàárín oṣù 12 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ dé, ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 39, iṣẹ́ tí wọ́n kà sí fútáìmù, ní agbègbè yẹn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara ẹ̀, 39 yẹn láàárín oṣù 12, ó tún gbọ́dọ̀ pé 78 láàárín oṣù 24. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọ̀gá kan náà, kò sì pọn dandan kó tẹ̀ léra. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ̀ ń gba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 13 ọ̀sẹ̀ 13, mẹ́ta nínú ẹ̀ jẹ́ 39 géérégé, àmọ́ agbègbè kan náà lẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé yín lóòótọ́, kì í ṣe kẹ́ ẹ fi ilé sílẹ̀ ní Houston kẹ́ ẹ máa wá sùn síbí fún ọ̀sẹ̀ 13. Tọkọtaya tó fáìlì pọ̀, ó tó kí ẹnì kan nínú wọn pé 39, àmọ́ ẹ ò lè kó ọ̀sẹ̀ ọkọ pọ̀ mọ́ ti ìyàwó kó lè pé. Tí wọ́n bá dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́ tí kì í ṣe ẹ̀bi yín, tàbí àìsàn dá ẹnì kan dùbúlẹ̀ pátápátá, tàbí ọ̀gá ló tún gbé yín lọ síbòmíì fún àǹfààní tiẹ̀, wọn ò ní ka ìyẹn sí yín lọ́rùn.

Ẹ tún gbọ́ èyí: ẹ ò ní láti dúró dìgbà tí 39 bá pé kẹ́ ẹ tó fáìlì. Tẹ́ ẹ bá kó wá lóṣù kẹsàn-án, ọjọ́ owó orí á dé kó tó pé, ẹ yọ ọ́, tó bá yá tí kò wá pé, ẹ ó dá a padà sínú owó tó wọlé fún yín lọ́dún tó tẹ̀ lé e tàbí kẹ́ ẹ ṣàtúnṣe.

Kí la wá lè kà? Ohun méjì péré. Ẹrù, àti ìrìn àjò yín fúnra yín.

Ẹrù: dídì í, páálí, ọkọ̀, àwọn tó gbé e, ínṣọ́ránsì orí ẹ̀, àti ibi tẹ́ ẹ kó o sí fún ọjọ́ 30 tó tẹ̀ léra lẹ́yìn tó kúrò nílé àtijọ́. Mọ́tò tẹ́ ẹ fi ọkọ̀ gbé wá, ó wà níbẹ̀. Ajá tàbí ológbò, ó wà níbẹ̀. Owó tí wọ́n gbà láti já iná àti gáàsì ní ilé àtijọ́ àti láti so ó ní ti tuntun, òun náà wà.

Ìrìn àjò: tíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀sì, tàbí mọ́tò yín, àti ibi tẹ́ ẹ sùn lójú ọ̀nà. Ẹ lè fi rìsíìtì epo ṣe é tàbí kẹ́ ẹ lo máìlì, sẹ́ǹtì 21 ni fún 2024, ó jẹ́ 22 ní 2023, ó sì lọ sílẹ̀ dé 16 ní 2021. Owó ibi tẹ́ ẹ páàkì ọkọ̀ sí àti owó tí wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà àti lórí afárá, ẹ fi kún un. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa ka ìrìn àjò ẹnì kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kò ní dandan kí gbogbo ilé rìn pọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Oúnjẹ ò sí níbẹ̀. Ẹ má fi búrẹ́dì kan sí i. Ìrìn àjò tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá fi wo ilé ò sí níbẹ̀, owó tí lándílọ́ọ̀dù gbà torí ẹ kúrò kí rẹ́ǹtì tó pé ò sí níbẹ̀, owó ìdúró tẹ́ ẹ san fún ilé tuntun, hòtẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ ń gbé lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti dé tẹ́ ẹ ṣì ń wá ilé, láísẹ́ǹsì tuntun, nọ́ńbà mọ́tò tuntun, kọ́tìnnì, àga tuntun, kò séyìí tó wà níbẹ̀. Mo rí àwọn tó máa ń kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ torí wọ́n ní "gbogbo ẹ̀ ṣáà ni owó ìkókúrò." Ó dùn mí nígbà tí mo bá rí i, torí tí FTB bá kọ lẹ́tà, ẹni tó fi $900 oúnjẹ sí i, kì í ṣe $900 yẹn nìkan ni wọ́n máa béèrè ẹ̀rí ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa tú.

Ó wá kan W-2, ìwé tí ọ́fíìsì máa ń fún yín lọ́dọọdún tó ń sọ iye owó oṣù yín àti owó orí tí wọ́n yọ. Ẹ fọkàn sí ibí yìí, ibẹ̀ ni owó ńlá wà, ó ju ti ẹrù tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kó lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé ìwòsàn kan gbà yín síṣẹ́, wọ́n ní "a máa san $9,000 fún yín láti fi kó wá." IRS ní owó oṣù ni, torí náà wọ́n fi $9,000 yẹn kún Box 1 lórí W-2 yín, wọ́n yọ 22% fún owó orí ìjọba àpapọ̀ kó tó dé ọwọ́ yín, wọ́n yọ 7.65% fún Social Security àti Medicare, ẹ wá ń wò ó pé kí ló dé tí $9,000 ò pé. Ti ìjọba àpapọ̀, kò sóhun tá a lè ṣe. Àmọ́ lójú California, apá tẹ́ ẹ ná lórí ẹrù àti ìrìn àjò gidi nínú owó yẹn kì í ṣe owó oṣù. Ẹ wá gbé W-2 yín, ẹ wo Box 1, ẹ wo Box 16 tó wà nísàlẹ̀, òun ni owó oṣù ti ìpínlẹ̀. Tí Box 16 bá kéré sí Box 1 pẹ̀lú iye owó ìkẹ́rù yẹn, ọ́fíìsì ti bá yín yọ ọ́, ẹ má tún yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Tí méjèèjì bá dọ́gba, wọn ò yọ ọ́, ẹ̀yin lẹ máa yọ ọ́ fúnra yín. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó wà níbí tí wọ́n sanwó ìkẹ́rù fún láti 2021 délé lálẹ́ yìí kó lọ wo Box méjèèjì yẹn.

Ó kan àwọn tó ti Nàìjíríà wá. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Ó kàn yín. Òfin àtijọ́ tí ìpínlẹ̀ méjèèjì yìí ń lò sọ pé ẹni tó kó láti orílẹ̀-èdè míì wá síṣẹ́ ní Amẹ́ríkà wọlé, tó bá yege ìdánwò méjèèjì. Ìbàdàn sí Bronx kúkú ju máìlì 50 lọ. Nọ́ọ̀sì tí ilé ìwòsàn kan ní New York gbà, tó kó ọkọ àtọmọ mẹ́ta wá, tíkẹ́ẹ̀tì àwọn márààrún wà níbẹ̀, owó ẹrù tí wọ́n san ní pápákọ̀ òfúrufú wà níbẹ̀, ẹrù tó gba orí omi wá náà wà níbẹ̀. Owó físà ò sí níbẹ̀, owó NCLEX, ìdánwò táwọn nọ́ọ̀sì fi ń gba ìwé àṣẹ, ò sí níbẹ̀, owó ìdánwò èdè òyìnbó ò sí níbẹ̀. Tí ọkọ bá tẹ̀ lé e lóṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó ṣì wà níbẹ̀, nítorí ọdún kan látìgbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fún yín láti fi kó gbogbo ẹ̀ tán. Tó bá jẹ́ náírà lẹ fi san án, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ san án sórí rìsíìtì, torí iye tí dọ́là ń lọ lọ́jọ́ yẹn lẹ máa fi sọ ọ́ di dọ́là. Ọdún àkọ́kọ́ téèyàn dé yìí ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ di olùgbé máa ń pín ọdún sí méjì nínú ìwé, ẹ má dá a ṣe lọ́dún yẹn, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìyá kan níwájú níbí béèrè lọ́wọ́ mi pé òun tóun wá bá ọmọ òun tọ́ ọmọ tuntun, ṣé tíkẹ́ẹ̀tì òun wà níbẹ̀. Mà, tẹ́ ẹ bá ń gbé pẹ̀lú wọn ní ilé àtijọ́ tẹ́ ẹ sì bá wọn dé ilé tuntun tẹ́ ẹ̀ ń gbé, bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ilé yín l'Abẹ́òkúta lẹ ti wá tẹ́ ẹ sì máa padà, rárá, mà.

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: ní California, ẹ kún FTB 3913, ẹ gbé iye tó bá jáde lọ sí line 14 lórí Schedule CA, ìwé tẹ́ ẹ fi ń ṣàtúnṣe ìṣirò ìjọba àpapọ̀ sí ti California, ẹ fi fọ́ọ̀mù náà mọ́ ọn. Ní New York, orí IT-225 ló máa ń wà, àwọn tó ń gbé inú New York City, ó máa dín ti ìlú náà kù pẹ̀lú, torí ìwé kan náà ni wọ́n fi ń gba méjèèjì. Ẹ lè gba standard deduction, ìyẹn iye kan pàtó tí wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn yọ láìmú rìsíìtì wá, kò dí èyí lọ́wọ́, ọ̀tọ̀ ni.

Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ fi ń ṣe é fúnra yín, ẹ ṣọ́ra níbi kan. Tẹ́ ẹ bá dé ibi owó ìkẹ́rù nínú apá ti ìjọba àpapọ̀, ó máa bi yín bóyá sójà ni yín. Ẹ ní rárá, ó fò kọjá, kò tún bi yín mọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti máa ń rò pé ó ti parí. Ẹ padà wọ apá ti ìpínlẹ̀, ẹ fọwọ́ ara yín wá ibi tó wà, nítorí kò ní pè yín.

Àwọn tó ti kọjá lọ ńkọ́? California fún yín ní ọdún mẹ́rin. Ẹni tó kó wá ní 2021, tó fáìlì lóṣù April 2022, ó ní títí di April 2026, Schedule X ló máa fi ṣàtúnṣe. New York fún yín ní ọdún mẹ́ta látọjọ́ tẹ́ ẹ fáìlì, IT-201-X ni fọ́ọ̀mù ẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, kò sóhun tó yí padà níbẹ̀.

Bùrọ̀dá kan béèrè pé àwọn ọmọkùnrin méjì ló bá òun gbẹ́rù, káàṣì lòun fún wọn, kò sí rìsíìtì. Ẹ wá wọn tẹ́ ẹ bá ṣì mọ̀ wọ́n, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé, iye, ọjọ́, ibi tí wọ́n ti gbé e dé ibi tí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ tún wo báǹkì yín bóyá ẹ yọ owó lọ́jọ́ yẹn. Tí kò bá sí ìkankan nínú méjèèjì, ẹ fi í sílẹ̀, sà. Ẹ mú ohun tẹ́ ẹ lẹ́rìí ẹ̀.

Mo ti gbé àpótí bàtà ìyàwó mi wá, òun nìyí lórí tábìlì, ẹ lè wá wo bó ṣe tò ó: lẹ́tà iṣẹ́ ló wà lókè, ìwé ilé àtijọ́ àti ti tuntun ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ti ọkọ̀, epo, hòtẹ́ẹ̀lì, ìwé owó oṣù ọdún kan gbáko wà nísàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 39. Ẹni tó bá mú W-2 ẹ̀ wá, kó wá jókòó níbí, mo máa wà níbí títí di aago mẹ́fà.